Ọjọ́ Tí A Gbé Kíbọ́ọ̀dù Onípáálí Lọ sí Adó

Nígbà tí wọ́n kéde pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ìdánwò àtiwọ yunifásítì yóò ti máa wáyé, tí kò ní sí ọ̀rọ̀ bébà àti pẹ́ńsù mọ́, èmi ti kúrò nílé ìwé. SS tuu ni mo bá a dé kí n tó bọ́ sórí ọ̀kadà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí nínú ìjà yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé yín, bí ẹ bá rí àṣìṣe ọwọ́, ẹ fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èmi ni mo wà níwájú lọ́jọ́ tí a ṣe ìwọ́de lọ sí Adó. Òótọ́ ni, fọ́tò rẹ̀ wà. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé kí n tó wà níwájú ìwọ́de, ẹnu ọ̀nà yàrá náà ni mo wà, tí mò ń lé àwọn ẹ̀gbọ́n yín padà. Èmi náà ni mo pe fóònù tó lé Àǹtí Kọ̀ǹpútà kúrò nílùú.

Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ìlú wa. Ẹni tó bá gba Ìgbẹ́mọ kọjá, tó rí oko ìrẹsì lọ́tùn-ún lósì títí tó fi kan ilé ìwé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ti débẹ̀. Ọnárébù kan tó jẹ́ ọmọ ìlú ló fi kọ̀ǹpútà ta ilé ìwé náà lọ́rẹ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kó wọn dé, àwọn ìyá fi oko sílẹ̀, wọ́n wá wòran. Díákónì tó jẹ́ alága àwọn òbí gbàdúrà lé wọn lórí, ó sì ṣí ìgò òróró, ó fẹ́ da díẹ̀ sára ọ̀kan. Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ìyẹn olùkọ́ obìnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́, ló sáré nawọ́ bò ó.

"Bàbá, ẹ dákun, èmi ni kí ẹ dà á sí. Èmi ni mo máa fi í kọ́ àwọn ọmọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Díákónì náà rẹ́rìn-ín, ó sì da òróró náà sí i lórí lóòótọ́, tó fi ń ṣàn dé etí rẹ̀.

Wọ́n to kọ̀ǹpútà sínú yàrá kan tó ní fáànù, wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ta ríbọ́ọ̀nù pupa sẹ́nu ọ̀nà. Ó di ìgbà tí Ọnárébù bá wá gé e kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣòfin. Ọ̀wọ̀ ni. Bí ènìyàn bá fún wa ní nǹkan ńlá, a kì í fọwọ́ kàn án kí onítọ̀hún tó wá fà á lé wa lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá kọ́ gbọ̀ngàn fún ìjọ, àwọn ọmọ ìjọ á máa ṣèpàdé nínú oòrùn títí olóore yóò fi ráyè wá ṣí i. Ẹni tó bá kù gìrì wọlé ti rí olóore fín nìyẹn, tí olóore bá sì bínú, ta ni yóò tún fún wa ní nǹkan?

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ọnárébù máa wá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí òjò dá. Òjò dá, wọ́n ní ó ń sìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n sin ìyá náà tán, ìpàdé Àbújá dé. Ọdún yí po, kò wá. Ríbọ́ọ̀nù pupa náà ṣá títí tó fi dà bí ìfun ẹran tí wọ́n sá sóòrùn, aláǹgbá sì ń gbà á kọjá bí afárá.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Àǹtí ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Adó, láti Adó ló sì ti ń wá lójoojúmọ́. Ó gé páálí fíríìjì kan, ó fi rúlà fa ilà sí i, ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ kó wà lára kíbọ́ọ̀dù gidi, ó sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe tirẹ̀. Kò pẹ́ tí páálí fi wọ́n nílùú. Àwọn onísọ́ọ̀bù ń ráhùn pé àwọn ò rí ohun kó ọjà sí mọ́. Máòsì ńkọ́? Kóró máńgòrò gbígbẹ ni. Àǹtí á ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì," gbogbo kíláàsì á sì fi ìka kan kóró máńgòrò wọn, kó-kó. Bí o bá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé wọn nígbà tí wọ́n bá ń tẹ páálí, wàá rò pé òjò ló ń kán sórí ewé kókò.

Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ kan bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ibo la ti máa rí ohun tí a ń tẹ̀ yìí?"

Ó ní, "Nínú orí yín. Ẹ fi pamọ́ síbẹ̀. Iná kì í lọ níbẹ̀."

Èmi ni mo máa ń gbé e láàárọ̀ láti Adó. Bí a bá ti kúrò nínú ariwo ìlú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Èkìtì mi ṣe yẹ̀yẹ́. "Káyọ̀dé, ṣé ulé ìwé lò ń gbé mi lọ ni àbí ilé ìwé?" Èmi náà á ní, "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọ̀nà o, kí n má lọ gbé yín sọ sínú oko ìrẹsì." Ó fẹ́ràn láti máa béèrè ìgbà tí mo máa padà sílé ìwé. Mo máa ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀.

Báwo ni irú èmi yìí ṣe wá di ọ̀tá rẹ̀? Ọmọ ẹ̀yìn Ọnárébù kan wà tí à ń pè ní Bùọ̀dá Túndé, òun ló ń bá a ṣètò nǹkan nílé. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́bàá ibùdókọ̀ wa, ó fún mi ní fìlà tí wọ́n kọ orúkọ Ọnárébù sí, ó ní, "Káyọ̀, ìwọ ni mo fọkàn tán níbí. Bá mi mójú tó yàrá yẹn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í fọkàn tán tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un, orí rẹ̀ á wú. Bí kò bá sí èrò, mo máa ń lọ gbé ọ̀kadà mi sí iwájú yàrá náà, màá dé fìlà mi, màá sì máa lé àwọn ọmọ tó ń yọjú láti ihò ilẹ̀kùn.

Dúpẹ́, àbúrò mi obìnrin, wà ní kíláàsì àṣejáde lọ́dún yẹn. Á kúnlẹ̀ níwájú mi lójú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ bá wa kí ríbọ́ọ̀nù o. Ṣé ó ti jẹun?" Àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Mo máa ń ṣe bíi pé mi ò gbọ́.

Ó wá di Sátidé kan tí mo gbé Àǹtí pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan láti ilé rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ̀kọ́ wo ló ń mu bẹntiróòlù, Àǹtí?"

"Ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ jìnnà ni," ó ní. Mi ò ronú sí i. Mo já a sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń dún láti ẹ̀yìn ilé ìwé. Mo lọ wò ó. Bàtà àwọn ọmọ wà ní títò nísàlẹ̀ fèrèsé yàrá kọ̀ǹpútà. Fèrèsé náà ṣí sílẹ̀. Mo yọjú. Gbogbo ẹ̀rọ náà ti tàn, ìmọ́lẹ̀ wọn wà lójú àwọn ọmọ. Dúpẹ́ di máòsì gidi mú bí ẹni di ọmọ adìyẹ mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tó wà lójú ẹ̀rọ náà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ríbọ́ọ̀nù Ọnárébù wà ní títa bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àǹtí rí mi. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń retí mi. "Káyọ̀, wọlé wá. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ní ká má gbà. Wọn ò sọ ti fèrèsé."

Ó yẹ kí n wọlé. Títí dòní ni mò ń rò ó pé ká ní mo bọ́ bàtà mi ti tàwọn yẹn ni, tí mo gun fèrèsé wọlé. Ìtìjú ló mú mi. Mo rò pé wọ́n ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà, èmi olùṣọ́ ni mo fọwọ́ ara mi gbé jẹnẹrétọ̀ náà wá. Mo lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo pe Bùọ̀dá Túndé.

"Bùọ̀dá, wọ́n ti wọbẹ̀ o."

"Ta ni?"

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà àtàwọn ọmọ."

"Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù?"

"Wọn ò gé e. Ojú fèrèsé ni."

Ó ní, "O ṣé, Káyọ̀. Ọmọ gidi ni ẹ́."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kó tó di ọjọ́ Ajé ó ti fọ́. Pirinsípà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, tó sì ń bẹ̀rù kí nǹkankan má ṣẹlẹ̀ kó tó lọ, fọwọ́ ara rẹ̀ mú òòlù, ó fi pákó kan fèrèsé náà pa. Wọ́n ní kí Àǹtí wá ṣàlàyé ìdí tó fi já wọ inú yàrá tí wọn ò tíì ṣí. Ó ṣàlàyé. Kó tó di òpin oṣù, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwé kan níhà Ọmùò, níbi tí ilẹ̀ Èkìtì ti fẹ́ tán. Èmi náà ni mo gbé e padà sí Adó lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀, tòun ti jẹnẹrétọ̀ náà láàárín wa. Kò fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Sọ fún Dúpẹ́ kó má jẹ́ kí wọ́n fi páálí náà sílẹ̀."

Ìdánwò dé. Mo gbé Dúpẹ́ lọ sí Adó, mo sì dúró dè é níta pẹ̀lú àwọn òbí. Nígbà tó jáde, kò sunkún. Ó jókòó sẹ́yìn mi, a ti fẹ́ dé Ìgbẹ́mọ kó tó sọ̀rọ̀.

"Atọ́ka ojú kọ̀ǹpútà yẹn ń sá fún mi, bùọ̀dá mi. Mo ní kó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sókè. Mo fẹ́ tẹ ìdáhùn kan, òmíràn ni mo tẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ò ṣe mí ní nǹkan kan, ibi máòsì ni mo kú sí. Mo mọ ìdáhùn. Mo mọ̀ ọ́n. Àkókò ló tán."

Ó ní, "Kóró máńgòrò kì í sá. Ìbá ṣe pé wọ́n jẹ́ ká lo Sátidé díẹ̀ sí i ni, ọwọ́ mi ì bá ti mọ́ ọn." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta lẹ rò pé ó pe àwọn èèyàn Ọnárébù lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn mi ló wà, kò rí ojú mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi fìlà náà sábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Àwọn ọmọ ni. Dúpẹ́, tó ti jáde ilé ìwé, tó yẹ kó jókòó káàánú ara rẹ̀, ló ń pe àwọn tó kù jọ lẹ́yìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń kọ́ wọn ní ohun tí Àǹtí kọ́ ọ lórí páálí. Òun ló sọ pé bí tiwọn bá ti bàjẹ́, ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò gbọdọ̀ bàjẹ́. Òun náà ló sọ pé kí wọ́n má kọ nǹkan kan sára pátákó bíi tàwọn olùwọ́de, kí wọ́n má sì pariwo. "Ẹ jẹ́ ká gbé kíbọ́ọ̀dù wa lọ hàn wọ́n ní Adó. Ìyẹn tó."

Ọkọ̀ ni wọn ò ní. Akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ìlú wa ni mí nígbà yẹn, mo bá pèpàdé. Bàbá Sùúrù, tó dàgbà jù nínú wa, ló kọ́kọ́ dìde.

"Akọ̀wé, kí ló kan ọlọ́kadà kan kọ̀ǹpútà?"

Ẹlòmíràn ní, "Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán, mọ́tò ni wọ́n máa rà. Wọn ò ní gun ọ̀kadà wa mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á," Bàbá Sùúrù dáhùn, "ta ni yóò wà á fún wọn, bí kò ṣe àwa?" A rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Mo kàn bi ọ́ ni. Ọmọ ọmọ mi wà nínú wọn, ó ti fi páálí tí mo fi ń bo ọ̀kadà mi ṣe kíbọ́ọ̀dù."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kúrò nílùú, ọmọ méjì-méjì lẹ́yìn ọ̀kadà kan, páálí ní àyà wọn kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Èmi ni mo ṣíwájú. A já wọn sílẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Kò sí orin, kò sí ariwo. Àwọn ọmọ kàn gbé páálí wọn dání bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. Ìyẹn ló mú kí àwọn ènìyàn máa wò wá.

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ló dá wa dúró. "Ẹ̀yin ọmọ, páálí lẹ ń tà ni?"

"Kọ̀ǹpútà wa ni, mà," ọmọ kékeré kan dáhùn.

Ìyá náà gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọmọ mi náà lọ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà yìí. Ẹkún ló sun wọ ulé. Mo nà án, mo ní kò kàwé ni." Ó dá páálí náà padà, ó sọ fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun ṣọ́ ọjà, ó wé gèlè rẹ̀ mọ́rí dáadáa, ó bá wa lọ. Kó tó di pé a jáde lọ́jà, àwọn ìyá bíi tirẹ̀ ti pọ̀ lẹ́yìn wa.

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí à ń lọ, ọlọ́pàá kan béèrè pé, "Ta ni olórí yín?" Gbogbo ènìyàn nàka sí mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò tí ẹ máa ń rí yẹn. Ẹ wo ojú mi dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ̀ ń pè é ní ìgboyà. Ẹ̀rù ni. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo ti kọ́ sílẹ̀ láti ilé ló fò lọ. Dúpẹ́ ló bọ́ síwájú mi.

Ìyáàfin kan tó wọ awò ojú, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, jáde sí wa. Ó jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Dúpẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé páálí rẹ̀ lé orí àtẹ̀gùn, ó ní Yorùbá lòun máa fi sọ ọ́ kí àwọn ìyá lè gbọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà wà nílé ìwé wọn, ṣùgbọ́n èyí ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.

"O mọ̀ ọ́n tẹ̀?" ìyáàfin náà béèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Tẹ orúkọ mi." Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Dúpẹ́ di ojú. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí páálí, kò tàsé, kò dúró. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn náà ń tẹ̀ ẹ́ lórí tiwọn. Ìgbà yẹn ni mo tún gbọ́ òjò orí ewé kókò yẹn, ní ojúde ọ́fíìsì ìjọba, nínú oòrùn. Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ?"

Dúpẹ́ la ojú. "Ohun tí àwa náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn, mà."

Ọlọ́pàá yẹn wo ilẹ̀. Ìyáàfin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún pẹ́.

"Ta ló ní kí ẹ má lo kọ̀ǹpútà yín?"

A ń wo ara wa. Ní tòótọ́, kò sí orúkọ tí a lè dá. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Pirinsípà, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù.

"Pirinsípà, ta ló ní kí ẹ má ṣí yàrá kọ̀ǹpútà?"

"Mà, a ń dúró de Ọnárébù ni, mà."

"Ó ní kí ẹ dúró de òun?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n... ọ̀wọ̀ ni, mà."

"Ẹ ṣí i lọ́la. Èmi ni mo ní kí ẹ ṣí i."

Ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú pé síbẹ̀. Sísọ́ọ̀sì tuntun kan wà tí wọ́n ti fi pamọ́ de Ọnárébù láti fi gé ríbọ́ọ̀nù náà, tòun ti tìmùtìmù tí wọ́n máa gbé e lé, ṣùgbọ́n Pirinsípà kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Bíléèdì tí ọmọ ìwé fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù ló yá. Ó bojú wẹ̀yìn bíi pé Ọnárébù ń bọ̀. Mo ti máa ń fi ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tí kò bẹ̀rù kò mọ ohun tí ìgboyà ń náni. Ó gé e. Ó yọ pákó ojú fèrèsé pẹ̀lú òòlù tó fi kàn án.

Eku sáré jáde lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ti jẹ wáyà púpọ̀. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a dúró dè tó bẹ́ẹ̀, èyí tí kò tàn fẹ́ẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èyí tó tàn lọ. Ọ̀wọ̀ wa ló bọ́ wọn fún eku.

Bùọ̀dá Túndé pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní mo já òun kulẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣọ́ ọ."

"Mo ní kí o bá mi mójú tó o. Ṣé mo ní kí o lé ọmọ ìwé ni?"

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ẹ̀gún náà já.

Ọnárébù padà wá nígbà tí ìbò ń súnmọ́lé. Wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù mìíràn sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ti ń gbà wọlé, ó gé e, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ sì padà sídìí iṣẹ́ yín. Mi ò bínú sí i mọ́. Ó fún wa ní nǹkan, àwa la kọ̀ láti gbà á.

Bí ẹ bá wá béèrè ohun tí a jèrè, ẹ wo ara yín. Láti ọdún yẹn, ọmọ tó bá jáde nílé ìwé yín kì í bẹ̀rù máòsì mọ́. Dúpẹ́ tún ìdánwò náà ṣe, ó yege, yunifásítì ní Adó ló wà báyìí. Ohun tí a pàdánù ni ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi jókòó sílé, àwọn mìíràn ò sì tún un ṣe mọ́ láé. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ń ran aṣọ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti bímọ. Gbogbo wọn mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ nínú òkùnkùn. Àǹtí náà la pàdánù. A kọ̀wé, a bẹ̀bẹ̀, wọn ò dá a padà. Kò sì sí ẹ̀rọ kan nínú yàrá yẹn tó tó o.

Dúpẹ́ ló bá mi fi àmì ohùn sórí ohun tí mo kọ yìí. Níbi tí ó ti ń ṣe é ló ti ka ti fóònù. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún un mú, ó fi àmì sórí ìyókù ojú ewé náà, lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé Àǹtí mọ̀?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ti gun ọ̀kadà lọ sí ìhà Ọmùò lẹ́yìn ọdún ìwọ́de náà, pẹ̀lú èrò pé màá dọ̀bálẹ̀, màá sọ ọ́. Inú Àǹtí dùn láti rí mi. Ó gún iyán fún mi. Ó pe àwọn ọmọ ìwé rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wá kí mi pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, ọkùnrin tó gbé àwọn ọmọ mi lọ sí Adó nìyí." Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó béèrè ìgbà tí mo máa padà sílé ìwé. Lẹ́yìn náà, ó ń wo ìta, ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó pe fóònù yẹn, Káyọ̀, mi ò bínú sí i. Ọlọ́run gbọ́. Mo kàn máa ń rò ó ni. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe fún un."

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi. Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ó ní kí n wọlé ni. Mo bu òkèlè mìíràn, mo gbé e mì, mo sọ fún un pé ojú ọjọ́ ti ń ṣú, kí n máa lọ.

Ẹ̀yin ti gbọ́ ọ báyìí, ṣùgbọ́n ojú l'ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe orí ìwé. Mo jẹ obìnrin yẹn ní ìdáhùn kan, mo sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá a kí ìwé yìí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.